Kí ló dé tí dókítà ní kí bàbá mi fúnra wọn pinnu bóyá kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì PSA?

Dókítà mọṣẹ́ ẹ̀ o. PSA ni èròjà kan tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀, láti ara próséètì ló ti ń wá, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Tó bá ga, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì lè jẹ́ pé próséètì kàn wú lásán ni, tẹ́ẹ̀sì yẹn nìkan ò lè sọ èwo ni. Jẹjẹrẹ ibẹ̀ mí-ìn tiẹ̀ ń rọra dàgbà débi pé nǹkan mí-ìn láá pa bàbá, àmọ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá fi yọ ọ́ lè jẹ́ kí wọ́n má lè mú ìtọ̀ mọ́ra mọ́, kí nǹkan ọkùnrin má sì dìde. Ìdí nìyẹn tí USPSTF, ìgbìmọ̀ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí irú àyẹ̀wò báyìí l'Amẹ́ríkà, fi sọ ní 2018 pé kí ẹni ọdún 55 sí 69 bá dókítà sọ ọ́ kó tó yàn. Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń bá jà jù ṣá, torí náà tí ẹ̀gbọ́n wọn bá ti ní in rí, èmi ò ní falẹ̀.