“In stitches” kì í ṣe ojú abẹ

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí o. Manchester la wà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ màmá mi ní Kubwa, l'Ábújá. Lọ́jọ́ kan ó ń sọ fún mi lórí fóònù pé “Uncle had me in stitches.” Bí Màmá ṣe gbọ́ “stitches”, wọ́n ju ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà sílẹ̀, wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́rùn ọmọ, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n ti rán an. Kí n tó ṣàlàyé, àwọn ará kọ́ńpáùǹdù ti pé jọ. Ọmọ ti padà dé, ó wá ń sọ pé “they were laughing me”, olùkọ́ rẹ̀ sì ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa là á yé ọmọ àti ìyá àgbà?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Calgary ni mo wà, ṣùgbọ́n Kaduna ni wọ́n ti tọ́ mi, mo mọ irú kọ́ńpáùǹdù bẹ́ẹ̀.

Ẹ sọ fún Màmá pé kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. “Stitch” yẹn ni ìrora tó máa ń gún èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn tó bá sáré jù. Ẹ̀rín ló pọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ fi ń gún ọmọ. Shakespeare ti lò ó fún ẹ̀rín, ó ti lé ní 400 ọdún. Àwa náà ṣáà ń sọ pé “ẹ̀rín pa mí kú”. Ta la ti sin?

“Laughing me” ló gba sùúrù. Nílé, kò ní àbùkù: “dem dey laugh me” ni Pijin, àwọn ọmọ Hausa tá a jọ dàgbà á ní “suna mini dariya”. Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ rẹ̀ ló ń wá “at” tàbí “with” sáàárín. Yorùbá sì ti ní méjèèjì: ẹni tó bá ẹ rẹ́rìn-ín, “with” nìyẹn, ẹni tó fi ẹ́ rẹ́rìn-ín, “at” ni. Bó ṣe yé ọmọbìnrin mi nìyẹn. Tó bá ti ní “they laughed me”, màá bi í pé, “Ṣé wọ́n bá ẹ rẹ́rìn-ín ni, àbí wọ́n fi ẹ́ rẹ́rìn-ín?” Lọ́jọ́ kan ó dákẹ́ títí, ó ní, “Fi.” Àṣé wọ́n ti ń fi jọ̀lọ́ọ̀fù tí mo ń dì fún un ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò mọ̀.

Ìyókù ò le. “Giggle” ni ẹ̀rín àwọn ọmọdé tí ẹ ní kí wọ́n dákẹ́ tí wọn ò lè dákẹ́. “Chuckle”, ẹ̀rín abẹ́nú bàbá tó ń ka ìwé ìròyìn. “Snigger” ni kí ẹ ṣọ́, ẹ̀rín yẹ̀yẹ́ tí wọ́n fọwọ́ bo ẹnu rín.

Bó bá tún pe Màmá tó ní “I cracked up”, ẹ tètè sọ fún wọn pé kò síbi tó sán lára ọmọ, ẹ̀rín ló bú sí. Kí wọ́n máa ṣa ẹ̀wà wọn lọ.