Ṣé awò tí ọmọ mi fẹ́ rà lè fi ihò dúdú hàn án?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ń tọ́jú owó láti fi ra awò awọ̀nàjíjìn. Ọlọ́jà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó sọ fún un pé yóò máa fi wo oòrùn, ihò dúdú àti ìràwọ̀ tó bú gbàù láti orí dẹ́kì ilé wa ní Bàrígà, bí àwòrán ara páálí rẹ̀ ṣe rí gan-an. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n bá a fi owó kún un? Ìyá Dámọ́lá.

ÌDÁHÙN: Ìyá Dámọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá a fi owó kún un, ṣùgbọ́n ọlọ́jà yẹn ń polówó ni o. Irú awò bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ya àwòrán ara páálí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti oòrùn, torí òun ló lè di ẹkún. Ṣé ẹ rántí bí a ṣe ń fi awò ojú bàbá àgbà jó bébà nínú oòrùn nígbà èwe wa? Ohun tí awò yìí máa ṣe fún ẹyinjú ọmọ tó bá fi wo oòrùn nìyẹn, kò sì ní mọ̀ ọ́n lára, torí inú ẹyinjú kì í ro ni bó bá ń jóná. Dígí dúdú kékeré tí wọ́n máa ń kó mọ́ ọn, tí wọ́n ní kí a dè mọ́ ibi tí a ń yọjú sí, ẹ jù ú nù. Ooru lè là á lójijì. Asẹ́ oòrùn tó dájú, iwájú awò ló ń bò, kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé rárá. Bí kò bá sí ìyẹn, kó má gbé e sóde lọ́sàn-án.

Ihò dúdú ń kọ́? Ohun kan lójú sánmà ni, tí àwọn òyìnbó ń pè ní black hole, tó ń fa nǹkan mọ́ra débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kì í jáde nínú rẹ̀. Gáàsì tó ń yí i po kó tó gbé e mì ni àwọn onímọ̀ ń wò: ó máa ń gbóná dé ìwọ̀n mílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀, X-ray á sì máa tú jáde lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń wo egungun ní ọsibítù. Afẹ́fẹ́ tó bo ayé ti gbé gbogbo rẹ̀ mì kó tó dé Bàrígà. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi gbé Chandra, awò awọ̀nàjíjìn tó ń rí X-ray, lọ sójú sánmà ní oṣù Keje ọdún 1999. X-ray tó bá kọlu dígí lójúkojú, yóò wọ inú rẹ̀ lọ ni. Nítorí náà, wọ́n ṣe dígí Chandra bí àgbá tí ẹnu rẹ̀ là síhà méjèèjì, tí ọ̀kan wà nínú èkejì, kí ìtànṣán náà lè máa fẹ̀gbẹ́ rà á kọjá, bí àfọ́kù àwo pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ etí ọ̀sà ń sọ, tó ń ta lójú omi kó tó rì.

Àwọ̀ mèremère inú àwòrán wọ̀nyẹn ńkọ́? Ènìyàn ló kùn ún, torí ojú wa kò lè rí X-ray. Kì í ṣe irọ́ ṣá o. Nínú àwòrán Cassiopeia A, ìràwọ̀ kan tó bú gbàù, tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rìn fún nǹkan bí ọdún 11,000 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n fún irin ní àwọ̀ tirẹ̀, wọ́n fún kálísíọ̀mù ní tirẹ̀. Inú irú ìbúgbàù bẹ́ẹ̀ ni irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ ti wá.

Òṣùpá àti àwọn kòtò ojú rẹ̀ ni Dámọ́lá máa rí, àti mẹ́rin tó tóbi jù nínú àwọn òṣùpá tó ń yí pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà ká. Bẹ́ ẹ bá dé ọjà, ẹ má wo iye ìlọ́po tí wọ́n kọ sára páálí pé ó fi ń sọ nǹkan di ńlá. Ẹ wo fífẹ̀ dígí iwájú, kó tó mìlímítà 70, kẹ́ ẹ sì mi ẹsẹ̀ tó dúró lé. Bó bá ń gbọ̀n, ẹ fi sílẹ̀. Ọyẹ́ kò dára fún un, eruku pọ̀ jù. Alẹ́ tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí NEPA tún mú iná, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbé e gun orí dẹ́kì.