Ṣé dókítà lè mọ̀ ṣáájú bí ọkàn aláìsàn yóò ṣe gba àyípadà eré ẹ̀rọ tó ń ti ẹ̀jẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, dé ìwọ̀n kan: wọ́n á yí eré ẹ̀rọ náà padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa wo bí ọkàn ṣe ń ṣe. LVAD ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ yìí. Ó ń bá apá òsì ọkàn tí kò lágbára mọ́ ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Lórí HeartMate 3, tó jẹ́ irú LVAD kan, wọ́n sábà máa ń fi ìyípo 100 ní ìṣẹ́jú kan kún un lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ ayàwòrán ọkàn lórí àyà. Bí ògiri tó pín ọkàn sí méjì bá ti ń tẹ̀ sí òsì, eré ti pọ̀ jù nìyẹn.

Apá ọ̀tún ló ṣòro sọtẹ́lẹ̀ jù. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ bá tì jáde, ọ̀tún ló ń padà sí. Bí ọ̀tún bá ti rẹ̀, ẹsẹ̀ àti ikùn lè wú. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà kan fi ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan dé ọkàn láti wọn ìfúnpá rẹ̀.

Orí ibùsùn ni wọ́n sábà ti ń ṣe ìdánwò yìí, èsì rẹ̀ sì lè yàtọ̀ bí aláìsàn bá ń rìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè dín ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde kù láìjẹ́ pé eré yí padà.