Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìkòkò òfìfo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ̀gbẹ́ Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá tó kọjú sí wa. Ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, aṣọ rẹ̀ kì í ní ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọọmọ rẹ̀ kì í kúrò nílé wa títí a ó fi jẹun alẹ́. Ṣé ebi ni, àbí ìṣe ọmọdé? Bó bá jẹ́ ebi, kí ni mo lè ṣe tí ojú ò fi ní ti bàbá?

Ìdáhùn: Lójú tèmi, ebi ni. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá kọ́ nígbà tí owó tíṣà ṣì níyì kò ṣeé bù sí ìkòkò, òun náà ni kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á mọ́ tálákà. Ní 2022, NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò nípa ìlú, sọ pé mílíọ̀nù 133 ọmọ Nàìjíríà, 63 nínú ọgọ́rùn-ún, ló wà nínú ìṣẹ́. Wọn ò wo owó nìkan: wọ́n wo omi, ilé ìwé ọmọ, ohun tí wọ́n fi ń dáná. Ìyẹn sì ṣáájú kí owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù tó lọ ní May 2023.

Olówó á ra àpò gáàrì nígbà tó bá pọ̀ lọ́jà. Bàbá á máa ra ife mẹ́ta mẹ́ta ní ìkóríta. Ẹ ka iye ife tó wà nínú kóńgò kan, ẹ ó rí i pé ẹni tí kò lówó ló ń ra ọjà wọ́n jù. Ibẹ̀ ni olówó ti ń ní kún un.

Nígbà tí mo lọ wo ìyá kan nítorí iṣẹ́ wẹ́fíà, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú aláìní, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó yẹ kó lò lójoojúmọ́, ọjọ́ méjìméjì ló ń lò ó. Síbẹ̀, ó ní kí ọmọ lọ ra míníráà tútù wá fún àlejò. Àwìn ni. Mo mu ún, kò dùn lọ́nà ọ̀fun mi.

Nítorí náà, ẹ má gbé ìrẹsì wọlé bàbá lọ́sàn-án gangan. Ẹ ní ẹ fẹ́ ra àpò gáàrì, ẹ ń wá ẹni tí ẹ jọ máa pín in, kó máa san tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó tún dáa jù: ẹ bẹ̀ ẹ́ kó máa ṣe lẹ́sìnnì fáwọn ọmọ yín, kí ẹ máa sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má dúró di ìparí oṣù. Ẹ fọgbọ́n bi í bóyá owó ìfẹ̀yìntì ṣì ń wọlé.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ máa bù fún wọn. Ẹ kàn máa rán wọn níṣẹ́ kékeré kí oúnjẹ tó jinná, kí wọ́n gbá àgbàlá tàbí kí wọ́n pọn omi, kí wọ́n lè délé sọ pé àwọn ló bá yín ṣiṣẹ́.