Ìsàlẹ̀ ọgbà kédárì wa ti ń pá: ṣé kí n gé e wọnú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kédárì tí a gbìn ṣe ọgbà yí ilé ká ti ga tó mítà 2. Òkè rẹ̀ ki dáadáa, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ti ń pá, a ti ń rí òdìkejì. Wọ́n ní bí mo bá gé e wọnú gan-an, yóò rúwé tuntun. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má gé e wọnú. Kédárì tí wọ́n sábà fi ń ṣe ọgbà kì í ṣe ti Lẹ́bánónì inú Bíbélì. Thuja ni, èyí tí ewé rẹ̀ pẹlẹbẹ, tó to léra bí ìpẹ́ ẹja. Ibi tí ewé tútù bá wà ni ọ̀mùnú rẹ̀ ti ń yọ. Ẹ la ẹ̀ka rẹ̀ wò: ìta ló tútù, inú gbẹ, kò léwé, nítorí oòrùn kì í débẹ̀. Bí àlùmọ́gàjí bá ti kọjá ewé tútù dé orí igi lásán, ihò tó bá dá síbẹ̀ kì í sábà dí mọ́.

Òkè ló pa ìsàlẹ̀ yín lára. Òkè máa ń yára dàgbà. Bó bá ti fẹ̀ ju ìdí lọ, á ṣíji bò ó, ẹ̀ka tí kò bá sì rí oòrùn á wọ́wé. Nítorí náà, ìdí ni kó fẹ̀, kí òkè máa tín-ín-rín. Fún ọgbà mítà 2, bí ìdí bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, ẹ jẹ́ kí òkè jẹ́ 60, ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á fi 15 dẹ̀ sínú. Ojú kò tó o: ẹ ri èèkàn mọ́ ìkángun méjèèjì, kí ẹ ta okùn kan sísàlẹ̀, kí ẹ ta èkejì sókè.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa rẹ́ ẹ lọ sókè. Ìdá kan nínú mẹ́ta ewé tútù ni kó pọ̀ jù. Tiyín ò ní tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dún kan. Ẹ pín in sí ọdún 2 tàbí 3, kí ẹ máa dín òkè kù díẹ̀díẹ̀. Ní ti gíga, ẹ gé igi àárín tó gùn lọ sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ fẹ́ kó dúró, àwọn ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ á ga bò ó. Ṣùgbọ́n kí ewé tútù ṣì wà nísàlẹ̀ ojú ibi tí ẹ gé o.

Ìparí ìgbà ìrúwé, nígbà tí ọ̀mùnú àkọ́kọ́ bá ti gbó díẹ̀, ló dára jù. Ẹ má rẹ́ ẹ nígbà tí òtútù ti kù dẹ̀dẹ̀: ìrì dídì á jó ọ̀mùnú tuntun. Ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn ni kí ẹ yàn, torí oòrùn gangan máa ń sun ewé tó ti wà lábẹ́ òjìji tẹ́lẹ̀. Kí àlùmọ́gàjí mú; èyí tó kú máa ń fa ewé ya, etí rẹ̀ á sì gbẹ.

Ibi tó ti pá ńkọ́? Ẹ fa ẹ̀ka tútù tó wà nítòsí wá síbẹ̀, kí ẹ fi okùn rírọ̀ so ó, kí ẹ tú u lẹ́yìn ọdún kan kó má bàa jẹ ẹ́ lára. Ẹ bomi rin ín kó wọlẹ̀ dáadáa, kí ẹ fi èèpo igi wẹ́wẹ́ bo ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, àmọ́ kó má kan ara igi. Bí ìdí bá pá ráúráú, àlùmọ́gàjí kò lè tún un ṣe. Ẹ gbin igi kúkúrú tó fara da òjìji síwájú rẹ̀, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì ka ewé inú tó ń pọ́n tó sì ń já bọ́ nígbà ìwọ́wé sí àìsàn o. Ewé àtijọ́ ni; ẹ gbọn ọ́n dà nù.