Ṣé òótọ́ ni pé wèrè tó bá ti wọjà kò ṣeé wò mọ́?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi rèé, mo gé e kúrú. Àbúrò ẹni tó kọ ọ́, ọmọ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, kò sì sùn lóru mọ́. Lọ́jọ́ kan ó já síta, àárín ọjà ni wọ́n ti rí i, láìwọ bàtà. Látìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ti ń sọ pé kí wọ́n má fowó ṣòfò mọ́, torí wèrè tó bá ti wọjà kò gbóògùn. Ẹni tó kọ̀wé sí mi fẹ́ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, àti bóyá òótọ́ ni.

Kì í ṣe òótọ́. Ẹ máa tọ́jú àbúrò yín lọ. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó ṣàlàyé, torí ọjọ́ ń lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu àgbà, ó sì nídìí. Lójú àwọn baba wa, Èṣù ń gbé ọjà, ará ayé àti ará ọ̀run ni wọ́n sì jọ ń ná an. Ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tó wá wọ irú ibẹ̀ lọ, wọ́n ní àwọn àìrí ti gbà á lọ́wọ́ oníṣègùn nìyẹn. Àlàyé tí ẹ máa gbọ́ nìyẹn tí ẹ bá béèrè. Èyí tí wọn kì í sábà sọ síta ló wúwo jù lójú tèmi.

Kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí: ṣé kò sí wèrè nídìí ilé yẹn, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Níwọ̀n ìgbà tí aláìsàn bá ṣì wà ní yàrá, tí oníṣègùn ń yọ́ wọlé tọ̀ ọ́ lóru, ẹbí ṣì lè ní ibà ló ń ṣe é. Ọjọ́ tó bá wọjà ni àṣírí tú, ẹ̀rù á sì máa bà wọ́n pé àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin kò ní rọ́kọ fẹ́. Òun fúnra rẹ̀ wá pàdánù orúkọ. Lánàá, ọmọ ẹnìkan ni, ó ní oríkì, ó ní ibi tó máa ń jókòó sí nínú agboolé. Lónìí, wèrè ọjà ni, ẹni tó sì ń pè é bẹ́ẹ̀ kò mọ ilé tó ti jáde wá. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù tó ń gbé abọ́ oúnjẹ kiri wá a. Àwọn àgbà tó ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, mọ ohun tí ojú irú ìyá bẹ́ẹ̀ ń rí. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ ọjà ni pé àwọn tó yẹ kó máa wo aláìsàn ti yọwọ́, wọ́n wá ní àìsàn ni kò gbóògùn.

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá kò ka gbogbo rẹ̀ sí ọ̀kan náà. Wèrè ìran wà, àmútọ̀runwá wà, èyí tí wọ́n gbà pé ayé ló fi ṣe ni náà wà. Abísínwín tó ń mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n mọ̀ pé ó ń lọ. Egbò igi asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n fi ń mú aláìsàn rọlẹ̀ kó lè sùn, oògùn gidi wà nínú rẹ̀, reserpine, tí àwọn dókítà òyìnbó náà lò fún irú àìsàn yìí láwọn ọdún 1950. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán ni n kò lè gbè wọ́n lé lórí láéláé.

Ẹni tó já ọ̀rọ̀ ọjà yìí ní koro ni Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, tí wọ́n bí ní 1923. Láti 1907 ni wọ́n ti ń ti aláìsàn mọ́lé ní Yábà. Ní 1954, nígbà tí Lambo ń darí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta, ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé nílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ibẹ̀ ká. Aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ẹnìkan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá, tí á máa dáná fún un, tí á máa fọṣọ rẹ̀, tí á sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Lálẹ́, àárín ará abúlé ló ń padà sí. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ó di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ó dùn mí pé èébú la sọ orúkọ Aro dà báyìí, ibi tí wọ́n ti gbìyànjú kí aláìsàn má bàa di aláìnílé.

Ní ti àbúrò yín, ìgbà ọ̀dọ́ gan-an ni irú àìsàn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òun nìkan. Ẹ gbé e lọ sí Aro, tàbí ẹ̀ka ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn bí ibẹ̀ bá sún mọ́ yín. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ti rọ́pò ti 1958, ó sì fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú. Kí ẹnìkan nínú yín dúró tì í. Kí ẹ máa forúkọ rẹ̀ pè é, kódà níwájú àlejò. Bí ara rẹ̀ bá ti ń balẹ̀, ẹ dá iṣẹ́ tó máa ń ṣe nínú ilé padà fún un, ẹ má sì jẹ́ kó dá oògùn dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti fún un ní àgbo asofẹ́yẹjẹ mu, ẹ tètè sọ fún dókítà kí wọ́n tó fún un lábẹ́rẹ́, torí àgbo náà máa ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ gan-an.