Bí Mo Bá Mí Kanlẹ̀, Òòyì A Tún Kọ́ Mi Sí I

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun, Kétu ni mo sì ń gbé. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bí dánfó tí mo wọ̀ bá ti gun afárá Third Mainland ní Òwòrò, àyà mi a bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, òógùn a bò mí, a sì máa ṣe mí bí ẹni pé mo fẹ́ kú sínú ọkọ̀. Dókítà ti fi ẹ̀rọ yẹ ọkàn mi wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, pé àìbalẹ̀ ọkàn ni, kí n máa mí kanlẹ̀. Mò ń mí kanlẹ̀ o, ṣùgbọ́n ńṣe ni òòyì ń kọ́ mi sí i, ìka ọwọ́ mi a sì máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Ní báyìí, afárá Kátà ni mò ń gbà. Ṣé èmi ni mi ò mọ èémí í mí ni? — Ìyá Ìbejì, Kétu.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ẹ mọ èémí í mí. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín ni kò kún tó. Nígbà tí ẹ̀rù bá ń bani, ara ti ń mí ju bó ṣe yẹ lọ kí ènìyàn tó fura, ó sì ń lé afẹ́fẹ́ carbon dioxide kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ní àlékún. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá ti dínkù jù, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ a fún pọ̀, òòyì a dé. Àdínkù kan náà ló ń fa èèrà inú ìka. Ẹni tó ti mí jù tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tún ní kó máa fa èémí ńláńlá sínú, epo ni wọ́n ní kó dà sí iná.

Mímí síta ni kí ẹ gbájú mọ́. Ẹ wo alábàárù ní Ìdúmọ̀tà nígbà tó bá sọ ẹrù kalẹ̀: "fùú" ni yóò kọ́kọ́ tú èémí jáde, kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí a bá ń mí síta, iṣan kan tí wọ́n ń pè ní vagus, tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ wá sí àyà àti ikùn, a máa fa ìjánu ọkàn, lílù rẹ̀ a sì rọlẹ̀. Nítorí náà, ẹ gba imú mí sínú jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀, kí ẹ fọkàn ka ení dé ẹ̀rin. Kí ẹ wá su ẹnu bí ẹni ń fẹ́ iná fìtílà tí kò sì fẹ́ kó kú, kí ẹ tú u síta títí ẹ ó fi ka ẹ̀fà. Bí ẹ bá kà á láìkánjú, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré lẹ ó mí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé àyà, èkejì lé ìdodo: ti ìdodo ló yẹ kó máa gbéra. Iró tí ẹ bá fún gírígírí mọ́ ikùn kò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Orí afárá kọ́ ni ẹ ó ti kọ́kọ́ dán an wò o. Kò sẹ́ni tí í kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà tí omi ti mù ún dé ọrùn. Ẹ máa ṣe é nílé ní ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí yóò fi mọ́ yín lára.

Fún inú ọkọ̀, ọ̀nà kan wà tí oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Edmund Jacobson, kọ ìwé lé lórí ní 1929. Ẹ di ọwọ́ báàgì yín mú gírígírí fún ìwọ̀nba ìgbà tí ẹ ó fi ka àrún, kí ẹ wá dẹ ọwọ́ bí ẹ ti ń mí síta. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí èjìká, àti sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ nínú bàtà. Kọ́ńdọ́ tó ń pariwo Ọbalẹ́ńdé kò tilẹ̀ ní mọ̀.

Bí ó bá wá jẹ́ pé àyà ń dùn yín, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí ẹ dákú, ẹ má jókòó máa ka ení, èjì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ kíákíá.

Ọ̀rọ̀ afárá Kátà yẹn ló kọ mí lóminú jù, nítorí ìbẹ̀rù tí a bá ń yẹ̀ fún a máa gbilẹ̀ sí i ni. Bí ẹ kò bá lè dá borí rẹ̀, àwọn oníṣègùn ọpọlọ wà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ran irú yín lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ti Yábà ti wà láti 1907, kì í sì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, ohun yòówù kí àwọn èrò ọkọ̀ máa fi Yábà ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú èyí: ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí ọ̀nà dá, kí ẹ̀yin àti ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán wọ ọkọ̀ tó ń gba Adékúnlé, kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú èémí síta kí ẹ tó dé Òwòrò, kí ẹ sì sọ̀ ní Adékúnlé. Àyà yín lè já. Ẹ jẹ́ kó já, ẹ máa mí síta lọ. Bí èyí bá ti rọrùn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gbà á dé Adéníjì.